Àlejò tó wá rí olólùfẹ́: ṣé ká jẹ́ kó dúró ni, àbí ká ní kó máa lọ sílé?

1/ Ẹ jókòó, ọ̀rọ̀ yìí máa gùn díẹ̀. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta báyìí tí mo ti ń rí ìjà kan lójú ìwé mi. Ẹnì kan gba físà ìgbafẹ́ lọ sílùú onílùú, ó pàdé olólùfẹ́ níbẹ̀, ó fẹ́ ṣègbéyàwó kó sì dúró. Ṣé kí wọ́n jẹ́ kó dúró ni, àbí kó padà sílé lọ tò bíi ti gbogbo èèyàn?

2/ Àwọn kan ní "oníjìbìtì ni gbogbo wọn, ẹ dá wọn padà." Àwọn kan ní "ìfẹ́ ò mọ físà." Mo ka gbogbo ẹ̀, mo dákẹ́. Àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí ti wọ ilé wa, ó sì ti wọ àdúgbò wa. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fojú mi rí, kí n tó sọ ibi tí mo dúró sí.

3/ Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tẹ̀lé mi: Agége ni wọ́n bí mi sí, Agége náà ni mo ṣì wà. Mo kàwé gboyè, iṣẹ́ tí mo torí ẹ̀ kàwé ò yọjú, ni mo bá gbé fóònù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe fídíò. Ilé wa ò jìnnà sí Pen Cinema. Bàálù tó ń lọ tó ń bọ̀ ní Ìkẹjà máa ń kọjá lókè wa. Tí mo bá ń gba ohùn sílẹ̀, mo ní láti dúró kó kọjá ná. Torí náà, ọ̀rọ̀ ìrìn àjò kì í ṣe ìtàn létí wa níbí. Ojoojúmọ́ là ń gbọ́ ariwo ẹ̀.

4/ Ìtàn àkọ́kọ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, lọ sí ìlú Ọba ní 2022. Ọ̀rẹ́ ẹ̀ ló ń ṣègbéyàwó. Físà àlejò, oṣù mẹ́fà. Ó ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ níbí, ó ní oníbàárà, kò ní in lọ́kàn rárá pé òun máa dúró. Níbi àríyá yẹn ló ti pàdé ọkùnrin kan, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, tó ti di ọmọ ìlú Ọba láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè gba nọ́ńbà yín?" Kí oṣù méjì tó pé, ọ̀rọ̀ ti di "màá wá rí bàbá yín."

5/ Wọ́n ní kí àwọn kúkú ṣe é níbẹ̀. Òfin ní ó ti o. Ní ìlú Ọba, ẹni tó fi físà àlejò lásán wọlé ò lè fi ṣègbéyàwó. Físà mìíràn wà fún ẹni tó fẹ́ wá ṣègbéyàwó, ṣùgbọ́n òun náà, tó o bá ti ṣe é tán, o gbọ́dọ̀ jáde kí oṣù mẹ́fà tó pé. O ò sì lè jókòó sínú ìlú kó o sọ èyíkéyìí nínú méjèèjì di físà ìyàwó, àfi tí ohun tó ṣàrà ọ̀tọ̀ gan-an bá wà níbẹ̀. Ohun tí òfin sọ ni pé kó o lọ sílé, kó o lọ béèrè látibẹ̀.

6/ Ẹ̀gbọ́n mi pa òfin mọ́. Ó wọ bàálù, ó padà wálé kí ọjọ́ ẹ̀ tó pé. Ọkọ tẹ̀ lé e wá lẹ́yìn oṣù díẹ̀. A ṣe ìdána, wọ́n lọ sí kóòtù, gbogbo wa wọ aṣọ ẹbí, èmi ni mo ṣe fídíò ọjọ́ yẹn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ọkọ padà sẹ́nu iṣẹ́. A rò pé oṣù mẹ́fà, ó pẹ́ jù, ìyàwó á ti tẹ̀ lé e.

7/ Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Láti oṣù keje ọdún 2012, ẹni tó bá fẹ́ mú ọkọ tàbí aya wọ ìlú Ọba ti gbọ́dọ̀ fi hàn pé owó tóun ń gbà lọ́dún tó £18,600. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ń gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ orúkọ inú ìwé ìbí ẹ̀gbọ́n mi ò bá ti inú pásípọ́ọ̀tù mu. Ẹ̀yin náà mọ Nàìjíríà, ó ń sáré àtúnṣe káàkiri, oṣù ń lọ. Nígbà tó máa fi parí, ọjọ́ 11 oṣù kẹrin ọdún 2024 ti kọjá. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n gbé owó náà sókè sí £29,000. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ń ṣe. Owó ẹ̀ ò débẹ̀. Ó bá wá iṣẹ́ kejì. Ọ̀sán ló ń lọ ṣe ọ̀kan, òru ló ń lọ ṣe èkejì.

8/ Ọmọ wá dé. Nítorí pé bàbá ti di ọmọ ìlú Ọba kí wọ́n tó bí i, ọmọ ìlú Ọba lòun náà látọjọ́ tó ti dáyé. Ẹ ronú sí i wò. Ọmọ tó ṣì ń mu ọmú lè wọ̀lú, ìyá tó ń fún un lọ́mú ò lè wọ̀ ọ́. Orí fóònù ló ti mọ Dádì ẹ̀. Nígbà tí Dádì wá wálé fún ìsinmi, ọmọ sá fún un. Ó lọ gbé fóònù ìyá ẹ̀ wá, ó ń nà án sí ọkùnrin yẹn pé kó wọbẹ̀. Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi wọ yàrá lọ. Kò tètè jáde.

9/ Ohun tó ń bí mi nínú nìyẹn. Ẹni tó sọ òótọ́ lẹ́nu ibodè, tó jáde lọ́jọ́ tó yẹ, tó ṣe gbogbo nǹkan bí wọ́n ṣe ní kó ṣe é, òun ni òfin wá fi ìdúró pípẹ́ san án lẹ́san. Ẹ jẹ́ kó wà lọ́kàn yín. Màá padà síbẹ̀.

10/ Ó yá, ẹ jẹ́ ká kọjá sí Amẹ́ríkà, torí ọ̀pọ̀ yín rò pé bákan náà ni gbogbo ibi. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó gba ẹnu ọ̀nà wọlé, tí wọ́n yẹ ìwé ẹ̀ wò tí wọ́n sì ní kó wọlé, tó bá fẹ́ ọmọ ìlú níbẹ̀, òfin gbà á láyè láti béèrè fún káàdì ìgbélùú láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ padà sílé. Kódà bí ọjọ́ físà ẹ̀ bá ti kọjá.

11/ Irọ́ ni wọn ò fẹ́. Kó o dé ẹnu ibodè kó o ní o wá wo ilé gogoro, kó sì jẹ́ pé ìgbéyàwó lo bá wá, ìyẹn lè ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. Láti 2017, ìlànà tí àwọn òṣìṣẹ́ físà wọn ń lò ni pé tó o bá wọlé gẹ́gẹ́ bí àlejò, tó o wá gbéyàwó tó o sì fìdí kalẹ̀ láàárín 90 ọjọ́, wọ́n lè gbà pé o ti parọ́ látilẹ̀. Mo mọ̀ pé físà ọ̀hún fúnra ẹ̀ ti wọ́n bí ojú báyìí. Àmọ́ bí òfin ìgbéyàwó wọn ṣe rí nìyẹn: àlejò lè di ará ilé.

12/ Ká ní ibí yìí ni mo dúró, ẹ máa rò pé mo fẹ́ sọ pé Amẹ́ríkà ló dáa, ìlú Ọba ò dáa. Ẹ má tíì ṣàtẹ́wọ́. Ìtàn kejì ń bọ̀.

13/ Ìyá Ìbejì ń ta ẹ̀wà àti búrẹ́dì ládùúgbò wa. Ọkọ ẹ̀ gba físà ìgbafẹ́ lọ sí Amẹ́ríkà ní 2014. Ó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lòun máa lò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta di oṣù mẹ́ta. Lọ́jọ́ kan ó pe Ìyá Ìbejì, ó ní òun fẹ́ fẹ́ obìnrin kan níbẹ̀, kó má bínú, ìwé lòun ń wá, òun ò wá ìyàwó. Ó ní kó fún òun lọ́dún méjì péré. Ìdána nìkan ni àwọn méjèèjì ṣe níbí, wọn ò dé kóòtù, kò sí ìwé kankan tó lè jẹ́rìí pé ọkọ ẹnì kan ni. Torí náà, lórí fọ́ọ̀mù, àpọ́n ni.

14/ Ọdún méjì di mẹ́rin, mẹ́rin di mẹ́jọ. Owó ń wọlé dáadáa níbẹ̀rẹ̀. Ó wá ń já. Ó wá dáwọ́ dúró. A wá gbọ́ pé obìnrin tó ní ìwé lòun bá fẹ́ yẹn ti bímọ méjì fún un. Àwọn ìbejì ti wọ iléèwé girama báyìí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí mo lọ ra ẹ̀wà, Ìyá Ìbejì ń la búrẹ́dì, kò gbójú sókè, ó ní: "Ìwọ ọmọ yìí, bá mi béèrè lọ́wọ́ àwọn èèyàn ẹ orí fóònù. Nínú àwa méjèèjì, èwo ni ìyàwó, èwo ni ìwé?"

15/ Mi ò rí èsì fọ̀. Mo san owó ẹ̀wà, mo lọ. Ẹ má sì gbàgbé obìnrin tó wà lọ́hùn-ún. Ó ṣeé ṣe kóun náà má mọ̀ pé ẹnì kan wà nílé. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé tọkàntọkàn ló fi fẹ́ ẹ. Obìnrin méjì, ọkùnrin kan, káàdì kan.

16/ Torí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ pé àwọn èèyàn ń fi ìgbéyàwó ṣe àkàbà, ẹ ò parọ́. Amẹ́ríkà fúnra ẹ̀ mọ̀. Ní 1986 wọ́n ṣòfin lórí ẹ̀: tí ìgbéyàwó yín ò bá tíì pé ọdún méjì nígbà tí wọ́n fún ọ ní káàdì, ọdún méjì péré ni káàdì yẹn máa lò. Tó bá tó àkókò, ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa jọ fọwọ́ sí ìwé tẹ́ ẹ fi máa hàn pé òótọ́ ni. Tó bá jẹ́ jìbìtì, ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún àti owó ìtanràn tó lè tó $250,000 ló wà níbẹ̀. Wọ́n lè ya tọkọtaya sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n máa bi wọ́n léèrè nǹkan tó wà nínú ilé wọn, kí wọ́n wá fi èsì wọn wéra.

17/ Ó dáa. Àmọ́ ẹ wo ohun tí irú òfin bẹ́ẹ̀ tún bí. Tó bá jẹ́ pé ọwọ́ ẹnì kejì ni ìwé rẹ wà, ọkọ ti di òṣìṣẹ́ ibodè inú ilé nìyẹn. Ẹ bá mi sọ òótọ́, ta ni kò tíì gbọ́ ọ láàárín àwọn èèyàn wa: "Tó o bá dán an wò, màá pè wọ́n kí wọ́n wá dá ọ padà sí Nàìjíríà"? Obìnrin á máa jẹ ìyà, á dákẹ́, torí ìwé. Ọkùnrin náà ń jẹ ẹ́ o, wọn ò kàn ń sọ ni.

18/ Ìdí nìyẹn tí Amẹ́ríkà fi tún ṣòfin ní 1994 pé ẹni tí ọkọ tàbí aya tó jẹ́ ọmọ ìlú bá ń lù tàbí tó ń fìyà jẹ lè béèrè fún ìwé fúnra ẹ̀, láìsí ọwọ́ onítọ̀hún níbẹ̀. Ní ìlú Ọba náà, ẹni tó bá wà lórí físà ìyàwó tàbí ọkọ, tí wọ́n ń lù nínú ilé, lè béèrè láti dúró lórúkọ ara ẹ̀. Tí ẹnikẹ́ni tó ń ka èyí bá wà nírú ipò yẹn, jọ̀ọ́, lọ bá lọ́yà tó mọ òfin ìwọ̀lú. Ẹni tó sọ fún ọ pé ọ̀nà kan ṣoṣo tó wà ni kó o máa fara dà á ò sòótọ́ fún ọ.

19/ Ìlú Ọba ti gbìyànjú oríṣiríṣi ọ̀nà láti mọ ìgbéyàwó tòótọ́ yàtọ̀ sí tìwé. Títí di oṣù kẹfà ọdún 1997, ìlànà kan wà níbẹ̀ pé kó o fi hàn pé kì í ṣe torí kó o lè wọ̀lú lo ṣe gbéyàwó. Ẹ gbà mí o. Báwo lèèyàn ṣe ń fi hàn pé nǹkan kan ò sí lọ́kàn òun? Wọ́n fagi lé e lọ́dún yẹn. Ní 2005, wọ́n tún gbé òmíràn dé: àjèjì tó fẹ́ gbéyàwó níbẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba. Ẹni tó bá ń ṣe é ní ṣọ́ọ̀ṣì ìjọ Anglican tiwọn ò nílò ẹ̀. Mùsùlùmí nílò ẹ̀. Kátólíìkì nílò ẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 2008, ilé ẹjọ́ wọn tó ga jù dá ẹjọ́ ta kò ó bí wọ́n ṣe ń lò ó, nígbà tó sì di 2011 wọ́n palẹ̀ ẹ̀ mọ́.

20/ Lọ́dún 2008 yẹn kan náà, ẹjọ́ mìíràn wáyé tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀. Obìnrin ará Zimbabwe kan tí wọ́n ń pè ní Chikwamba. Òun kì í ṣe arìnrìn-àjò afẹ́, ààbò ló wá béèrè tí wọn ò fún un. Ó fẹ́ ọkùnrin tí wọ́n ti gbà láyè láti dúró, wọ́n bímọ. Ìjọba ní kó padà sí Zimbabwe, kó lọ béèrè físà látibẹ̀, kó tún wá padà wá. Ilé ẹjọ́ bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ fìyẹn ṣe. Wọ́n ní kò bọ́gbọ́n mu kí wọ́n lé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ torí kó lè lọ kọ̀wé béèrè nìkan. Nígbà tí mo ka ẹjọ́ yẹn, ẹ̀gbọ́n mi ló wá sí mi lọ́kàn.

21/ Ní báyìí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bú òyìnbó látàárọ̀, ẹ rọra. Ó kàn wá.

22/ Ẹ ṣí ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999. Abala 26 ní obìnrin tó bá fẹ́ ọmọ Nàìjíríà lè forúkọ sílẹ̀ kó di ọmọ Nàìjíríà. Obìnrin ni wọ́n kọ síbẹ̀ o. Ọkùnrin tó fẹ́ obìnrin Nàìjíríà ńkọ́? Abala yẹn ò dárúkọ ẹ̀. Abala 27 ló máa gbà, èyí tí gbogbo àjèjì ń gbà, níbi tí wọ́n ti ń béèrè pé kéèyàn ti gbé ní Nàìjíríà fún ọdún 15. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún! Ó ti tó àsìkò tí ọmọ tẹ́ ẹ jọ bí máa fi kọ WAEC.

23/ Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ sókè, torí èmi gan-an ní tèmi nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹnì kan wà. Ọmọ Lomé ni. Ó wá sí Èkó nínú oṣù Kejìlá fún ọdún, bí gbogbo ayé ṣe ń wá. Kò gba físà, torí láti àdéhùn ECOWAS ọdún 1979, ọmọ ilẹ̀ tó bá wà nínú ẹgbẹ́ náà lè wọlé lo 90 ọjọ́. A pàdé níbi tí mo ti ń ṣe fídíò. Kò tíì sí òrùka o, ẹ má tíì máa kí mi kú oríire, màámi wà lórí ìkànnì yìí.

24/ Ká ní lọ́la a bá wí, ká ṣe é. Ó lè gba ìwé ìgbélùú ECOWAS, á máa tún un ṣe, á máa gbé. Kò burú. Àmọ́ ọmọ tí mo bá bí fún un, ọmọ Nàìjíríà ni látinú èmi ìyá ẹ̀. Èmi, ọmọ Nàìjíríà. Bàbá wọn nìkan ni àlejò nínú ilé. Ẹ wá wo àbúrò mi ọkùnrin. Tó bá mú ọmọbìnrin láti Lomé kan náà wálé, ìyẹn lè lọ forúkọ sílẹ̀. Ìyá kan náà ló bí wa. Kí ni mo fi ṣe?

25/ Ọjọ́ 1 oṣù kẹta ọdún 2022, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Àbújá dìbò lórí àtúnṣe èyí gan-an, pé kí ọkọ obìnrin Nàìjíríà náà lè forúkọ sílẹ̀. Wọ́n kọ̀ ọ́. Àwọn obìnrin lọ kó ara wọn jọ sẹ́nu ọ̀nà ilé ìgbìmọ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ilé aṣojú ní àwọn máa tún un gbé yẹ̀ wò pẹ̀lú méjì mìíràn. Títí mo fi ń tẹ ọ̀rọ̀ yìí, ohun tó wà nínú ìwé òfin ò tíì yí padà. Ẹ wá ń bi mí pé kí ló dé tí òyìnbó ò ṣe fẹ́ àlejò.

26/ Àwọn àgbà wa ṣáà mọ bó ṣe ń dunni. Ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní Gánà fún àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré. Ọ̀pọ̀ Yorùbá wà nínú wọn, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ẹ̀jìgbò, Ìnísà, tó ti ń ṣòwò níbẹ̀ fún ọdún gbọọrọ, tí wọ́n ti fẹ́yàwó, tí wọ́n ti bímọ. Ní oṣù kìíní ọdún 1983, ìjọba Shagari náà wá lé tiwọn láti ibí, àwọn Gánà tó tó nǹkan bíi mílíọ̀nù kan. Báàgì tí wọ́n kó ẹrù sí là ń pè ní Ghana-Must-Go dòní. Ẹ lọ bi àwọn ìyá àgbà yín. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, ẹnì kan wà tí wọ́n já gbà lọ́wọ́ ẹnì kan.

27/ Búrẹ́dì tí gbogbo wa ń jẹ náà ńkọ́? Tí wọ́n bá ń sọ ìtàn búrẹ́dì l'Ékòó, ẹni tí wọ́n máa ń dárúkọ ni Amos Shackleford, ọmọ Jàmáíkà tó wá ṣiṣẹ́ rélùwéè níbí ní 1913. Iṣẹ́ rélùwéè ló bá wá, búrẹ́dì ló fi dúró, wọ́n sì ń pè é ní ọba búrẹ́dì. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó yí èrò ọkàn ẹ̀ padà lẹ́yìn tó dé ni ọ̀dàlẹ̀. Èèyàn lè wá fún nǹkan kan, kó rí nǹkan mìíràn.

28/ Ibi tí mo dúró sí rèé. Bẹ́ẹ̀ ni, kí wọ́n jẹ́ kó dúró. Ẹni tó bá gba ẹnu ọ̀nà wọlé, tí kò parọ́ nígbà tó ń wọlé, tí ìgbéyàwó ẹ̀ sì jẹ́ òótọ́, kò sí èrè kankan nínú kéèyàn ní kó lọ sílé kó lọ máa wo òrùlé. Ìbéèrè yòówù tí wọ́n bá fẹ́ bi í, kí wọ́n bi í níbi tó wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó fẹ́.

29/ Àmọ́ kí wọ́n bi í dáadáa o. Ṣebí àwọn Yorùbá náà ń ṣe ìwádìí kí wọ́n tó fọmọ fọ́kọ. Alárinà á lọ, ẹbí á lọ, wọ́n á béèrè irú ilé tó ti wá, àìsàn tó wà níbẹ̀, gbèsè tó jẹ, bóyá ó lè bọ́ aya. Ìwádìí ò burú. Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n fi kún un ni: ta lo fi sílẹ̀ nílé? Kí wọ́n má kàn béèrè ìwé kóòtù nìkan. Ìdána náà, ìgbéyàwó ni. Ìyá Ìbejì, ìyàwó ni. Fọ́ọ̀mù tó ní òun ò rí i, fọ́ọ̀mù yẹn ló fọ́jú.

30/ Ẹ̀ẹ̀kejì: kí ìwé wà lórúkọ ẹni tó ni ín. Kí wọ́n yẹ ìgbéyàwó wò bí wọ́n bá ṣe fẹ́, àmọ́ kí wọ́n má fi okùn ẹnì kan sọ́wọ́ ẹnì kejì. Ẹ̀ẹ̀kẹta: Nàìjíríà, ẹ tún abala 26 ṣe. Ohun tó tọ́ sí ìyàwó àbúrò mi tọ́ sí ọkọ tèmi náà.

31/ Mo mọ ohun tẹ́ ẹ máa sọ. "Àwọn tó tò sórí ìlà ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n rẹ tó ń dúró láti ọjọ́ yìí, ṣé kí àlejò kan wá já a sílẹ̀?" Mo bi ẹ̀gbọ́n mi fúnra ẹ̀. Ó ní tí ẹlòmíràn bá ti rí ọ̀nà wà lọ́dọ̀ ọkọ ẹ̀, inú òun á dùn, kì í ṣe ìyẹn ló ń dá òun dúró. Owó £29,000 ló ń dá òun dúró. Ìjìyà tìrẹ ò sọ pé kó o fẹ́ kí ọ̀nà ẹlòmíràn gùn sí i.

32/ Àmọ́ ibì kan wà tí ọkàn mi ò tíì balẹ̀, mi ò sì ní bò ó mọ́lẹ̀. Bí ọ̀nà yìí bá ṣe ń ṣí sí i, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń fúnni ní físà á ṣe máa fura sí àwa tá ò tíì gbéyàwó. Ọmọbìnrin ọdún 26, kò lọ́kọ, fídíò ló ń ṣe jẹun, ó ní òun fẹ́ lọ wo ìlú fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ rò pé wọ́n á gbà á gbọ́? Ẹni tó bá parọ́ dúró, àwa tó kù lorílé ló ń jẹ gbèsè ẹ̀. Mi ò ní ìdáhùn tó kún fún ìyẹn. Mo kàn mọ̀ pé mi ò lè torí ẹ̀ sọ pé kí bàbá àti ọmọ máa rí ara wọn nínú fóònù.

33/ Ẹ̀yin ọkùnrin àti obìnrin tẹ́ ẹ ń múra àtilọ, tẹ́ ẹ ní ẹnì kan nílé, tẹ́ ẹ sì ti ń gbọ́ "ìwé lásán ni, kò ju ọdún méjì lọ": mo ti sọ bí ọdún méjì ṣe ń rí fún yín. Ẹni tó wà lọ́hùn-ún kì í ṣe ìwé. Ẹni tó wà nílé kì í ṣe ilé ìtajà téèyàn ń tì ní kọ́kọ́rọ́ kó tó rìnrìn àjò.

34/ Ìròyìn tuntun: ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ti ń gba owó tí wọ́n ń béèrè báyìí, iṣẹ́ méjèèjì papọ̀. Wọ́n ti fi ìwé ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. A ń retí èsì. Ẹ bá wa fi àdúrà sí i.

35/ Mo ti jíṣẹ́ Ìyá Ìbejì fún yín. Ó ṣì ń dúró dè mí, ojoojúmọ́ ni mo sì ń kọjá níwájú ẹ̀. Ẹ dáhùn nísàlẹ̀, kí n lè rí ohun tí màá sọ fún un láàárọ̀ ọ̀la.